Ẹfun Tí Àwẹ̀ró Fi Kun Ara

Nígbà láéláé, nígbà tí odò ṣì ń sọ̀rọ̀ tí òkúta sì ń dá a lóhùn, lékeléke kì í ṣe ẹyẹ funfun. Àwọ̀ koríko gbígbẹ ló ní. Bó bá dúró sínú pápá, kò sí ojú tó lè rí i.

Ìlú àwọn lékeléke wà ní apá ìhín odò, ti àwọn ẹfọ̀n wà ní apá ọ̀hún. Kìnnìún ń pa nínú àwọn méjèèjì jẹ. Àmọ́ bí ẹyẹ kan bá sọnù, àwọn lékeléke á ní ẹfọ̀n ló tẹ̀ ẹ́ pa. Bí ọmọ ẹfọ̀n bá sọnù, àwọn ẹfọ̀n á ní, "Àwọn amí inú koríko wọ̀nyẹn ni!" Ìlú méjèèjì wá fi ẹ̀ṣọ́ sétí odò.

Ọkọ Àwẹ̀ró, lékeléke kan, lọ ṣọ́ odò, kò padà wálé mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ipasẹ̀ kìnnìún lábẹ́ igi tí ìtẹ́ wọn wà. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kìnnìún ló ń pa wọ́n, kì í ṣe ẹfọ̀n. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ ẹfun tó wà létí odò, ó sì yí ara nínú rẹ̀ títí ó fi funfun báláú.

"Àwẹ̀ró, ṣé kò sí o?" ni Bàbá Ẹ̀ṣọ́, olórí àwọn lékeléke tó ń ṣọ́ odò, kígbe. "Wọ́n á ti òkèèrè rí ọ! Àbí o fẹ́ lọ ṣe ìyàwó ẹfọ̀n ni?"

"Kí wọ́n rí mi ni mo fẹ́, bàbá. Ẹni tó ń fara pamọ́, ta ni yóò gbà á gbọ́?"

Ó fò kọjá odò. Lọ́sàn-án gangan, ó ń rìn lọ láàárín pápá. Arógunmásàá, olórí àwọn ẹfọ̀n, rí i. Ó tẹrí ba, ìwo rẹ̀ méjèèjì sì kọjú sí i. Ohun tó ti ń lé àwọn lékeléke sá látọdún mọ́dún nìyẹn. Àmọ́ Àwẹ̀ró kò fò.

"Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kàn mí pa, ó yá."

"Kàn ọ́ pa kẹ̀? Mo ń kí ọ ni! Báyìí la ṣe ń kíni nílùú wa."

Àwẹ̀ró yanu, kò lè pa á dé. Ó na ìyẹ́ méjèèjì láti dá a lóhùn. Arógunmásàá fò sẹ́yìn.

"Yéè! Ó ti ń pe kìnnìún!"

"Rárá o, bàbá. Èmi náà ń kí yín ni."

Ẹfọ̀n ńlá náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá nu ojú rẹ̀.

"Ìyá ọmọ, mélòó la ti fi sílẹ̀ fún kìnnìún nítorí ìkíni?"

Àwẹ̀ró rántí ọkọ rẹ̀.

"Gun ẹ̀yìn mi," ni Arógunmásàá wí. "Ojú rẹ ríran jìnnà, ìwo mi sì mú."

Kò pẹ́ tó gorí rẹ̀ ló rí koríko tó ń mì, níbi tí atẹ́gùn kò sí. Ó kígbe. Àwọn ẹfọ̀n pagbo, ìwo kan ìwo. Kìnnìún yọjú. Ó wo ẹyẹ funfun lórí ẹfọ̀n, ohun tí ojú kò rí rí. Ó yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lódìkejì odò, Bàbá Ẹ̀ṣọ́ rí gbogbo rẹ̀. Ó wọ inú ẹfun. Gbogbo ìlú tẹ̀ lé e, ọmọ Àwẹ̀ró náà sì wà láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n gbéra, ojú ọ̀run funfun láti ìhín dé ọ̀hún. Gbogbo ẹfọ̀n tẹrí ba. Ẹyẹ kan kò sì sá.

Láti ọjọ́ náà ni lékeléke ti funfun, òjò kò sì rí ẹfun ọ̀hún fọ̀ kúrò. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gun ẹ̀yìn ẹfọ̀n àti màlúù ìbátan rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ: ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń bà sí. Àyè ọkọ Àwẹ̀ró ló fi sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì.