Àwọn Tó Ń Wa Amọ̀ fún Erin

Àlọ́ o!

Ààlọ̀ọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, n kò gbọ́ yín. Àlọ́ o!

Ààlọ̀ọ̀!

Ó dáa. Àlọ́ mi já wàì, ó balẹ̀ sẹ́yìn Erin, ó ta bá Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.

Ní ìgbà kan rí, Erin ló ń ta ìkòkò fún gbogbo ẹranko. Kò sí ilé tí wọn kì í ti í fi ìkòkò Erin se ọbẹ̀. Àwọn ẹtu ló ń mọ ìkòkò náà nínú agboolé rẹ̀, Erin kì í sì í fìyà jẹ wọ́n. Bí oòrùn bá kan àtàrí, wọn a sinmi. Bí ara ọ̀kan kò bá yá, Erin a ní kó lọ dùbúlẹ̀. Nítorí náà, bí Erin bá dé àwùjọ, a gbé ọwọ́jà rẹ̀ sókè, a ní:

“Ẹ ra ìkòkò mi láìfòyà. Kò sí omijé ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀!”

Wọn a pàtẹ́wọ́ fún un. Orí Erin a wú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ, ìkòkò kì í já bọ́ láti ọ̀run. Amọ̀ ni. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló ń gbé amọ̀ wá fún Erin láti òdìkejì odò. Erin kò béèrè bó ṣe ń rí i. Amọ̀ ń dé, amọ̀ dára, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ní ọjọ́ kan, ìyàwó Erin rí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lára amọ̀. Ó ní, “Baálé mi, ta ló ń wa amọ̀ yìí?”

“Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni.”

“Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí èékánná rẹ̀ ń dán bíi ti ìyàwó tuntun? Ẹ dìde, ẹ lọ wò ó.”

Erin ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Àyà Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ là gààrà. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣeé fi han àlejò! Òkété àtàwọn ẹbí rẹ̀ ló ń wa amọ̀ náà nínú ihò abẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Erin kó iṣu ránṣẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ máa rí nǹkan jẹ. Ó kó igi ránṣẹ́ kí wọ́n fi ṣe òpó inú ihò. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ iṣu. Ó fi igi kọ́lé ara rẹ̀. Èèpo iṣu ló ń jù sí Òkété. Bí Òkété bá sì fẹ́ jáde gba atẹ́gùn, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ a pariwo mọ́ ọn:

“Erin ló ní kẹ́ ẹ má jáde o! Ṣé kí n lọ sọ fún un pé ẹ kọ iṣẹ́ òun?”

Ta ló fẹ́ rí ìjà Erin? Òkété a padà wọlé.

Ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá ta ọgbọ́n. Ó kọ́ ahéré tuntun sábẹ́ igi, ó tẹ́ ẹní síbẹ̀. Ó bẹ àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ kan lọ́wẹ̀, ó fi òrí pa wọ́n lára, ó fún wọn ní ọkọ́. “Bí Erin bá dé, kẹ́ ẹ ṣáà máa rẹ́rìn-ín.” Ó wá lọ sẹ́nu ihò. Ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́ kí àwọn Òkété sinmi, kí Erin má baà gbọ́ wọn, ojúkòkòrò kò jẹ́. Ó ní, “Òkété, bí inú Erin bá dùn lónìí, amọ̀ púpọ̀ ni yóò béèrè. Ẹ má dúró. Ẹ wà á lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn.” Ó yí òkúta dí ẹnu ihò. Kò rántí pé lórí apá ibẹ̀ gan-an ni ahéré wà.

Erin dé. “Ẹ kú iṣẹ́ o.”

Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. “Bàbá, iṣẹ́ yìí dùn mọ́ wa!” Ọ̀kan nínú wọn ti gbá ojú irin ọkọ́ mú, ó na èrúkọ́ sílẹ̀. Erin rí i, ó gbójú kúrò. Ìgbà náà ni orin kan ń ti abẹ́ ilẹ̀ bọ̀. Ẹ bá mi gbè é:

*Erin o, Erin o,*
Tẹ̀rẹ́ntẹ̀.
*Ilẹ̀ ń ya lé wa lórí,*
Tẹ̀rẹ́ntẹ̀.
*Ebi ń pa wá, èémí ń tán,*
Tẹ̀rẹ́ntẹ̀.
*Wọ́n ló o ní ká má jáde,*
Tẹ̀rẹ́ntẹ̀.

“Kí ni mò ń gbọ́ yìí?”

“Ìrẹ̀ ni, Bàbá. Àwọn ìrẹ̀ ìhín lóhùn.”

Erin mọ ohùn ìrẹ̀. Ó mọ̀ pé ìrẹ̀ kì í pe orúkọ ẹni. Ṣùgbọ́n ó ti rìn jìnnà, ẹní náà tutù, ó sì ti ro ohun tí yóò wí ní àwùjọ. Ó ní, “Lóòótọ́, ìrẹ̀ ni.” Ó bá jókòó.

Gbìì! Ilẹ̀ ya. Erin àti ahéré wọlẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ gun igi. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fẹ́ sá, òpó ahéré wó lé e nírù.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Erin rí àwọn ẹ̀dá tíntìntín yí i ká, tí amọ̀ bò wọ́n, tí egungun ìhà wọn ṣeé kà.

“Ta ni yín? Ta lẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún?”

Òkété ní, “Ẹ̀yin ni.”

“Èmi? N kò rí yín rí!”

“Àwa náà kò rí yín rí, Bàbá. Orúkọ yín la mọ̀. Òun ni wọ́n fi ń lé wa wọ ihò.”

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ké láti ibi tó há sí: “Bàbá, irọ́ ni wọ́n ń pa!”

Erin gbé ọwọ́jà sókè láti lù ú. Òkété ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dìde ná. Àbúrò mi tó ń lé orin wà lábẹ́ yín.”

Erin dìde wìì. Ó fi ọwọ́jà gbẹ́ ilẹ̀, ó gbẹ́ ẹ, ó gbẹ́ ẹ. Ó gbé e jáde. Ẹ̀mí ti bọ́.

Òkété kò pariwo. Ó kàn béèrè pé, “Ṣé ẹ ò gbọ́ orin wa ni?”

Erin ì bá ní òun kò gbọ́. Ta ni ì bá já a nírọ́? Ó fi etí rẹ̀ méjèèjì bo ojú.

“Mo gbọ́. Mo gbọ́, mo pè é ní ìrẹ̀.”

Wọ́n tú ilé Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ palẹ̀, wọ́n fi igi rẹ̀ ṣe òpó ihò, wọ́n sì lé e kúrò láàárín ẹgbẹ́. Àmọ́ Erin kò fi í ṣe àwíjàre. Ó lọ sí àwùjọ, ó dúró, ó dorí kodò. “Ẹnìkan kú nítorí ìkòkò mi. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ purọ́ fún mi, mo sì fẹ́ràn irọ́ náà.” Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Àwọn mìíràn dá ìkòkò padà, ó gbà á.

Láti ìgbà náà, fúnra Erin ló ń gbé iṣu lọ sẹ́nu ihò. Bí Òkété bá ní ó ti tó, iṣẹ́ dúró. Ẹ wo Erin nínú igbó títí dòní: bó ti tóbi tó, jẹ́jẹ́ ló ń gbẹ́sẹ̀, bí ẹni ń bẹ ilẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tí iṣẹ́ ń tọwọ́ ẹlòmíràn dé bá, kó tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ọwọ́ tó ṣe é. Bí wọ́n bá ń jìyà lórúkọ rẹ, tó o gbọ́, tó o di etí, ìwọ náà lo fìyà jẹ wọ́n. Àlọ́ mi dákẹ́ síbí. Bí mo bá purọ́, kí ilẹ̀ tí mo jókòó lé yìí bi mí.