Ìdí Tí Ẹ́ńjìnnì Fi Ń Kan Ìlẹ̀kùn Kí Ó Tó Kú

Kọ́nrọ́ọ̀dù ni wọ́n rẹ́ jẹ. Nígbà láéláé ni, ní ọdún tí ìlú Ẹ́ńjìnnì sọ pé òun fẹ́ sáré ju gbogbo ayé lọ.

Láyé ìgbà náà, ẹ́ńjìnnì kì í kan ìlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Písítìnì ń gbé òkè, ó ń fò sókè, ó ń fò sísàlẹ̀. Ọba Kíránkì ń gbé ìsàlẹ̀, ó ń yí. Kọ́nrọ́ọ̀dù, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́, wà láàárín wọn. Gbogbo agbára tí Písítìnì bá ní, òun ló ń gbé e fún ọba. Ará ìta kò mọ̀ ọ́n rí.

Lọ́jọ́ kan, àlejò kan dé, Tọ́bò lorúkọ rẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n fẹ́ atẹ́gùn sí ìlú yìí. Agbára yín yóò di ìlọ́po mẹ́ta."

Inú ọba dùn. Ó pe ìpàdé láti náwó ìlú, owó náà kò sì pọ̀.

Wọ́n ra ẹ̀wù tuntun fún Písítìnì. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kun ìdérí ìlú. Wọ́n ra sálẹ́ńsà tó ń dán bíi dígí. Ó wá ku Kọ́nrọ́ọ̀dù. Òun náà sọ̀rọ̀:

"Kábíyèsí, irin tí wọ́n kàn yọ́ dà ni èmi. Ẹ ra irin tí wọ́n fi òòlù lù nínú iná. Pé Písítìnì ń tì mí kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Bí Písítìnì bá dé òkè, tó fẹ́ yí padà, ńṣe ló ń fà mí bí ẹni fẹ́ fà mí já."

Písítìnì bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọ̀pá lásán yìí! Ta ni yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nítorí tìẹ?"

Ọba ní, "Ọmọ mi, sùúrù ni ẹwà rẹ. Owó ti tán, ṣùgbọ́n a ó fi ọ́ joyè."

Wọ́n fi í jẹ Ọwọ̀n Ìlú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n tún gbàdúrà pé kò ní dá.

Ọjọ́ eré ìje pé. Tọ́bò fẹ́ atẹ́gùn, ìlú sáré, ará ìta ń hó. Kò pẹ́ ni Kọ́nrọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìlẹ̀kùn ọba: kó-kó-kó!

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Kábíyèsí. Ẹ dúró! Ara mi ti ń sán."

Ọba kọjú sí Rédíò, tó ń kọrin fún ìlú. "Olórin, gbóhùn sókè!"

Rédíò lọgun. Ìlú ń jó. Ibi tí orin ti dùn jù ni Kọ́nrọ́ọ̀dù ti já. Ó lu ògiri ìlú, ó yọrí sí gbangba. Ọ́ìlì dà sí títì. Ọba kò lè yí mọ́.

"Ẹ ò rí i?" ni Písítìnì wí. "Mo ti sọ pé ọ̀dàlẹ̀ ni!"

Láti ọjọ́ náà ni ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá bù kún agbára rẹ̀, tí wọ́n sì ṣahun irin sí, ti máa ń kan ìlẹ̀kùn kí ó tó kú. Ohun kan ṣoṣo ni Kọ́nrọ́ọ̀dù ń sọ: "Ẹ fún mi ní irin tó tó ẹrù mi."

Rédíò ṣì ń kọrin.