Agbẹ́kànga Méjì Tó Bára Wọn Yan Odì

Àkànmú, ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé okùn fífà ni iṣẹ́ rẹ̀. Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé o ń kánjú, ṣùgbọ́n jókòó ná. Agbẹ́kànga ni ọkùnrin náà, òun àti ẹnìkejì rẹ̀. Ẹnìkejì yìí ló máa ń wọ inú kànga lọ gbẹ́ ilẹ̀. Ọkùnrin tí mo kọ́kọ́ wí ní tirẹ̀ a dúró létí kànga, a máa fi okùn fa garawa erùpẹ̀ sókè, a dà á nù, a sì tún sọ garawa sílẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n ti jọ ń ṣe é. Mi ò ní dárúkọ wọn fún ọ, torí àwọn ọmọ wọn wà nílùú yìí. Jẹ́ ká máa pe ọ̀kan ní ẹni òkè, ká máa pe èkejì ní ẹni ìsàlẹ̀.

Iṣẹ́ kànga ní òfin tirẹ̀. Bí ẹni òkè bá ti da erùpẹ̀ nù, kó tó sọ garawa padà, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ wo inú kànga kó pe ẹnìkejì rẹ̀: “Ìsàlẹ̀ ńkọ́?” Ẹni ìsàlẹ̀ á dáhùn pé, “Ó wà.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń kọjá máa ń rò pé eré ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á tilẹ̀ máa sín wọn jẹ. Kì í ṣe eré. Afẹ́fẹ́ inú kànga a máa bàjẹ́ láìròtẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sì mí i símú kì í lágbára àtikígbe. Ohùn ẹni ìsàlẹ̀ ni ẹni òkè fi ń mọ̀ pé ènìyàn ṣì wà láàyè lábẹ́ ilẹ̀. Bó bá pè é lẹ́ẹ̀kan tí kò dáhùn, á tún un pè. Bí kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀kejì, ariwo ló kù.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà iṣẹ́ wọn, nígbà tí omi bá ti fà lọ sísàlẹ̀ tí àwọn onílé ń wá ẹni tí yóò bá wọn gbẹ́ kànga wọn jìn sí i. Inú ẹ̀ẹ̀rùn náà ni wọ́n fi ìdìbò ààrẹ sí lọ́dún tí mò ń wí yìí. Àwọn méjì ló léwájú nínú àwọn tó ń du ipò náà. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Èkejì wá láti ọ̀nà jíjìn, èdè rẹ̀ yàtọ̀, ọ̀nà tó gbà ń sin Ọlọ́run náà sì yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ẹni òkè ti rò ó títí kó tó mọ ibi tí yóò tẹ̀ka sí. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú, ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ ló máa ń dìbò fún. Iná kò torí ìyẹn dé. Ọ̀nà oko kò ṣe é gbà. Ọmọ rẹ̀ tó kàwé gboyè ti lo ọdún mẹ́rin nídìí káàdì ìpè tó ń tà lábẹ́ agboòrùn. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ ni òun ń wá, ì báà tan mọ́ òun, ì báà má tan. Ó wò ó pé àjèjì yẹn lè ṣe é. Bóyá ó tọ̀nà, bóyá kò tọ̀nà, mi ò mọ̀. Ìbò rẹ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín lábẹ́ igi máńgòrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni ìsàlẹ̀ bi í léèrè ẹni tó máa dìbò fún. Àwàdà ló fi í ṣe, torí ó rò pé òun mọ èsì. Ẹni òkè sì sọ òótọ́ fún un. Ẹni ìsàlẹ̀ gbé ẹ̀kọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ṣebí ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni òkè ní ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń pín, iṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Ẹni ìsàlẹ̀ wá ní, “Ẹni tó bá dìbò fún àjèjì, òun náà ti di àjèjì lójú mi.”

Ó yẹ kí ẹni òkè panu mọ́ níbẹ̀, Àkànmú. Ènìyàn tó gbọ́n á ti fi omi ẹ̀kọ le ọ̀rọ̀ yẹn lọ sọ́nà ọ̀fun. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ó sàn kí n di àjèjì ju kí n di ẹni tí wọ́n fi kóńgò ìrẹsì rà lọ.”

Òótọ́ ni pé àwọn tó ń polongo fún ọmọ ilẹ̀ wa pín ìrẹsì, òótọ́ sì ni pé ẹni ìsàlẹ̀ gbà nínú rẹ̀. Ẹni òkè mọ ìdí tó fi gbà á. Ó mọ̀ pé lọ́sẹ̀ yẹn, kò sí nǹkan kan nínú ìkòkò ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òun tó mọ̀ ló sì sọ ọ́. Ẹni ìsàlẹ̀ dìde, ó mú dígà rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga láìwẹ̀yìn.

Nígbà tí ẹni òkè da garawa àkọ́kọ́ nù, ó tẹ̀, ó pè: “Ìsàlẹ̀ ńkọ́?” Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún pè. Ẹni ìsàlẹ̀ fi dígà gbá ògiri kànga lẹ́ẹ̀mejì, gbà, gbà, kó lè mọ̀ pé òun ò tíì kú. Ìgbà yẹn ló yé e pé odì ni ọ̀rẹ́ òun ń bá òun yàn. Dígà ló ń dá a lóhùn títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, dígà náà yan odì. Ó pè, kò sẹ́ni tó gbá ògiri. Àfi bí garawa bá kún tí ẹni ìsàlẹ̀ bá fa okùn lẹ́ẹ̀kan pé kó gbé e. Ẹni òkè ń pè, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Inú ń bí i, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún, ojú sì ń tì í nítorí ìrẹsì tó mẹ́nu bà. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní ènìyàn kì í máa kí ògiri. Ó ṣíwọ́ pípè. Lọ́jọ́ kẹta, kò pè rárá. Okùn nìkan ló kù láàárín wọn, iṣẹ́ sì ń lọ. Bí o bá kọjá níbẹ̀, wàá ní àwọn méjèèjì mà mọṣẹ́ o, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọjọ́ kẹta yìí gan-an, lọ́sàn-án, àwọn tó ń du ipò ààrẹ fẹ́ bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn. Onílé tó ni kànga gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ jáde sẹ́yìnkùlé, ó tan án, ó sì gbé tẹlifíṣàn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí àwọn aládùúgbò lè rí i wò. Ẹsẹ̀ bíi mẹ́wàá péré ni jẹnẹrétọ̀ náà fi jìnnà sí kànga. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, ẹni òkè ì bá ti dìde lọ bá onílé pé, ẹ jọ̀wọ́, baba, ẹ gbé ẹ̀rọ yìí jìnnà, ènìyàn wà nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dìbò fún ló fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó na ọrùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbọ́ nípa iná, ó ń gbọ́ nípa ọ̀nà, inú rẹ̀ ń dùn. Kò rí i nígbà tí atẹ́gùn yí padà, tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí ẹnu kànga.

Ẹ̀yìn ìgbà díẹ̀ ló fura pé ẹni ìsàlẹ̀ ò tíì fa okùn. Garawa kan kì í pẹ́ kún ju ìgbà tí ènìyàn fi ń bó ọsàn méjì lọ. Èyí ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ó ní bóyá ó ń sinmi ni. Ó dúró sí i. Ó fetí sílẹ̀ bóyá òun á gbọ́ ìró dígà, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni ó gbọ́, àti àtẹ́wọ́ àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo okùn náà. Kò mira.

Ọkàn kan ní kó pè. Ọkàn kejì ní kí ló dé tí yóò pè? Ó ní, “Ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni, ó fẹ́ kí n kọ́kọ́ bẹ òun, kó wá fi mí rẹ́rìn-ín.” Ó ní òun ò ní pè é. Ó la ẹnu lẹ́ẹ̀kan, ó pa á dé. Ọ̀rọ̀ tó ti pè fún ọdún mẹ́tàlá láìronú, ìgbà tó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan péré, ó wúwo lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tó wá ṣe ni pé ó fa okùn láìjẹ́ pé wọ́n ní kó fà á. Garawa náà fúyẹ́. Nígbà tó yọ, ààbọ̀ ni erùpẹ̀ inú rẹ̀. Ẹni ìsàlẹ̀ kì í fi garawa ààbọ̀ ránṣẹ́. Bí inú ń bí i, bí ara rẹ̀ kò yá, garawa rẹ̀ á kún dé ẹnu. Ẹni òkè tẹ̀ wo inú kànga, òórùn èéfín lù ú nímú. Ó ké, “Ìsàlẹ̀ ńkọ́?” Ó tún ké. Ó ké e títí ohùn rẹ̀ fi há.

Àwọn ènìyàn sá kúrò nídìí tẹlifíṣàn. Onílé pa jẹnẹrétọ̀. Ẹni òkè ṣẹ́ ẹ̀ka máńgòrò eléwé, ó so ó mọ́ okùn, ó ń jù ú sókè sódò nínú kànga kí afẹ́fẹ́ lè yí. Wọ́n ní kó ní sùúrù kí afẹ́fẹ́ mọ́ dáadáa, ó ní kí ni òun fẹ́ fi sùúrù ṣe. Ó rẹ aṣọ sómi, ó fi di imú, ó so okùn mọ́ ìbàdí, òun tí kò wọ kànga rí. Àwọn bíi mẹ́jọ ló di okùn náà mú. Onílé wà nínú wọn, ẹni tó lẹ àwòrán olùdíje ọmọ ilẹ̀ wa káàkiri ara ògiri rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ran bàtà níwájú ilé wà nínú wọn, èdè kan náà ni òun àti olùdíje àjèjì yẹn ń sọ. Ẹni òkè wo ọwọ́ wọn lórí okùn kó tó sọ̀ kalẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni nínú wọn léèrè ibi tó máa tẹ̀ka sí.

Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìjókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó gbójú sókè. Ẹni òkè so ó mọ́ okùn, wọ́n fa àwọn méjèèjì jáde. Ọjọ́ méjì ni ẹni ìsàlẹ̀ fi sùn ní ọsibítù tí kò mọ ẹni tó dúró tì í. Lọ́jọ́ kẹta ó lajú. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni òkè wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kò tíì wẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹni ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Nígbà tí òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, mo fẹ́ pè ọ́. Mo wá ní kí n jẹ́ kí o kọ́kọ́ pè mí. Pé bí o bá ti pè báyìí, màá dáhùn.”

Ẹni òkè ní, “Èmi náà ń dúró dè ọ́ ni.” Ó sì sunkún níṣojú ìyàwó oníyàwó, ojú ò tì í.

Èéfín náà ti ba iṣan ara ẹni ìsàlẹ̀ jẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Kò lè wọ kànga mọ́ títí dòní. Nígbà tí ọjọ́ ìdìbò pé, kò lè dá rìn dé ibùdó. Ẹni òkè ló lọ pe ọlọ́kadà, ó gbé e síwájú ara rẹ̀, ó dì í mú títí wọ́n fi débẹ̀, ó sì bá a tò sórí ìlà. Ó mọ ẹni tí ọ̀rẹ́ òun fẹ́ dìbò fún. Ó mọ̀ pé ìbò tí òun gbé lórí ọ̀kadà yẹn ló máa pa ìbò ti òun gan-an rẹ́. Ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jiyàn títí wọ́n fi délé, ọlọ́kadà ní kí àwọn bàbá yìí jọ̀ọ́ má jẹ́ kí òun ṣubú.

O fẹ́ bi mí léèrè ẹni tó wọlé. Èyí tó wù kó wọlé nínú wọn, kò mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sínú kànga torí òun.

Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, Àkànmú. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó pọ̀n ọ́, tó ta aṣọ rẹ̀ kí o lè parí ìwé mẹ́wàá, ó sọ níṣojú ẹbí pé ẹni tí ìwọ ò fẹ́ ni òun dìbò fún, o wá sọ pé o ò lẹ́gbọ̀n-ọ́n mọ́. Mi ò ní kí o gba tirẹ̀. Mi ò ní kí o yí èrò rẹ padà, bí ìdìbò mìíràn bá dé, dìbò fún ẹni tó wù ọ́. Ṣùgbọ́n oṣù àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ ló ń pè ọ́ lórí fóònù, o ò gbé e. Oṣù kejì, ó di ọjọ́ ìsinmi nìkan, o ò gbé e. Ẹni tí kì í dáhùn ń kọ́ ẹni tó ń pè é bí a ti ń ṣíwọ́ pípè. Lánàá o jókòó síbí, o sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí kò pè mọ́. O rẹ́rìn-ín, o ní ó ti sú u.

Ta ló sọ fún ọ pé ó ti sú u? Obìnrin tó ń dá gbé, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu, ó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé odì ló ń yàn ni, àbí nǹkan ti ṣe é? Ìwọ ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀. Mú fóònù rẹ jáde, kí o pè é báyìí, níṣojú mi.