Àpótí Sípíkà Láníyọnu

Láníyọnu, onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì wa, ra ẹ̀rọ kékeré kan tó lè sín ohùn oríṣiríṣi ańpílífáyà jẹ. Ó ní àpótí sípíkà òun kò yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ló bá ní kí káfíńtà bá òun kan òmíràn tó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fi àrán bò ó.

Lọ́jọ́ ìkórè, gbogbo ìjọ ń wo àpótí. Láníyọnu ta gìtá, ohùn tó jáde há bíi ti ẹni tí ikọ́ ń ṣe.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyàwó rẹ̀ tú ẹ̀yìn àpótí wò. Sípíkà àtijọ́ tó ti ya ni ọkọ rẹ̀ tún dè síbẹ̀!

"Olówó orí mi, àpótí lẹ pààrọ̀, ẹ ò pààrọ̀ ọ̀fun. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá."

Sípíkà tuntun ti dé báyìí, inú àpótí kékeré àtijọ́ ló ti ń kọrin. Ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé inú àpótí ńlá tó wọ àrán.