Ìdí Tí Igbe Bàálù Ológun Fi Ń Bọ̀ Lẹ́yìn Rẹ̀

Ní ayé ijọ́un, ohùn bàálù ológun ló máa ń kọ́kọ́ dé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Abẹ̀bẹ̀, ìyàwó rẹ̀, ló ń gbé ní imú rẹ̀. Ó ń yí, ó ń fà á lọ, ó sì ń kì í ní oríkì bí wọ́n ti ń lọ. Àwọn tó wà nílẹ̀ á gbọ́, wọ́n á kó ọmọ wọn wọlé.

Nígbà tí ogun ńlá kan parí, Ọta Ìbọn kò ríṣẹ́ ṣe mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Bàálù ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọkọ tí ìyàwó ń fà kiri," ló ń pè é.

Ojú ti Bàálù. Ó lọ bá Ògúnṣakin alágbẹ̀dẹ pé kí ó fún òun ní eré tí yóò ju ti Ọta Ìbọn lọ. Ògúnṣakin ní iná inú ikùn nìkan ló lè fún un ní irú eré bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iná náà ń fẹ́ ẹni tí yóò máa fẹ́ ẹ, bí ẹwìrì ti ń fẹ́ iná àgbẹ̀dẹ. Ó ní wọn yóò gé Abẹ̀bẹ̀ wẹ́wẹ́, wọn yóò sì tò ó sínú ikùn ọkọ rẹ̀.

Abẹ̀bẹ̀ ló dáhùn.

"Ẹ gé mi, Bàbá. Mi ò lè máa wo ìtìjú ọkọ mi."

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Ògúnṣakin kìlọ̀ fún Bàálù. "Irin yìí kò tíì mọ iná. Rọra fò fún oṣù mẹ́ta. Bí o bá gbọ́ tó ké, sọ̀ kalẹ̀."

Bàálù rọra fò fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, Ọta Ìbọn bi í léèrè bóyá ìyàwó ṣì ń ṣe ọ̀gá lé e lórí láti inú ikùn. Inú bí Bàálù. Ó tú gbogbo iná sílẹ̀.

Ó kọjá Ọta Ìbọn. Ó sáré ju ohùn lọ. Gbogbo nǹkan pa lọ́lọ́, ó sì rò pé ara tu Abẹ̀bẹ̀.

Nígbà tó balẹ̀, ó pè é. Kò dáhùn. Ògúnṣakin ṣí ikùn rẹ̀ wò. Àwọn irin náà ti tẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ti yọ́.

"Èé ṣe tí kò pè mí?" ni Bàálù béèrè.

"Ó pè ọ́. Gbogbo wa la gbọ́ nílẹ̀ níbí. Ìwọ ni o ti kọjá ohùn rẹ̀."

Ògúnṣakin rọ irin mìíràn sí i. Wọ́n ń yí. Wọn kò mọ oríkì rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni bàálù ológun ti ń fò láìní abẹ̀bẹ̀ ní imú, tí igbe sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Bí a bá gbójú sókè síbi tí igbe náà ti ń wá, a kì í bá a níbẹ̀.