Efúnwùmí Aláró, Obìnrin Tó Da Ìbò Ìdóyè Rú

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ọkàn àwọn obìnrin Ìdóyè kò balẹ̀ rárá. Àwọn òyìnbó agégẹdú fẹ́ gba odò Ọ̀mù, odò tí gbogbo aláró ìlú ń pọn, kí wọ́n sì mọ ògiri yí i ká. Ìgbìmọ̀ ìlú ni yóò gbà tàbí kí ó kọ̀. Ìbò ni wọn yóò sì fi yan ìgbìmọ̀ ọ̀hún, ọkùnrin nìkan ni yóò dì í. Bí odò bá lọ, aró lọ. Bí aró bá lọ, kí ni igba ilé yóò máa jẹ? Ẹ sọ fún mi!

Efúnwùmí Àyọ̀ká ló dìde: aláró ọmọ aláró, asọ̀rọ̀-má-bojú-wẹ̀yìn, obìnrin gàgàrà tó ń wo ìjòyè lójú láì ṣẹ́jú. Ó lọ bá Fálọpẹ́, akọ̀wé tó ń ṣètò ìbò.

Akọ̀wé ní, “Ìyá, ẹ padà sídìí ìkòkò yín. Ọkọ yín yóò bá yín dìbò.”

“Ọkọ mi tí kò fọwọ́ kan ẹlú aró rí? A kì í fárí lẹ́yìn olórí, akọ̀wé. Odò wa ni. Ẹ jẹ́ ká dìbò, àbí kí ẹnikẹ́ni má dì í!”

Fálọpẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ti ń dá ọgbọ́n tirẹ̀: kí ọkùnrin kan má baà dìbò lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó bá ti dìbò, wọn yóò ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ aró. Ẹni tí àtàǹpàkò rẹ̀ bá ti dúdú kò tún gbọdọ̀ dìbò mọ́. Ẹ gbà mí! Aró! Ní ìlú aláró!

Nígbà tí ọjọ́ ìbò pé, àwọn obìnrin ti kún ẹnu ọ̀nà kóòtù tí ìbò yóò ti wáyé kí oòrùn tó yọ, aró ṣì ń kán tótó lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin tó bá ti dé, wọn á kúnlẹ̀ kí i, wọn á sì di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí. Àgbà wo ni yóò sá fún ẹni tó kúnlẹ̀ kí i? Nígbà tí ọkọ Efúnwùmí yọ, ìyàwó fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ kí i.

“Àyọ̀ká, èmi náà?”

“Ẹ má bínú, Bàbá Jọláadé. Bí mo bá yọ yín sílẹ̀, ojú wo ni n ó fi wo àwọn tó kù?”

Títí di ọ̀sán, ẹnì kan ṣoṣo kò rí ìbò dì. Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú fún ìjọba, gbaná jẹ. Ó béèrè ẹni tó kó àwọn obìnrin jáde.

Efúnwùmí ní, “Èmi ni. Ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀.”

Wọ́n tì í mọ́lé. Ó ní oúnjẹ ìjọba kò ní kan ọ̀fun òun títí obìnrin yóò fi dìbò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tún dá ọjọ́ ìbò, ẹ̀ẹ̀mejì ni aró tún bọ́ síta. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, ó ti rù kan egungun, ẹ̀rù sì ba ajẹ́lẹ̀ kí ó má kú sí òun lọ́wọ́. Ó gbà pé kí obìnrin dìbò, ó sì tú u sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìbò, àwọn obìnrin mú un síwájú ìlà wọn. Ni Fálọpẹ́ bá ní, “Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n kò lè dìbò.”

Háà! Ariwo sọ. Àwọn obìnrin fẹ́ wó kóòtù lulẹ̀. Efúnwùmí gbọ́wọ́ sókè.

“Ẹ dákẹ́! Ẹ má torí tèmi sọ odò nù. Ẹ wọlé, ẹ dìbò!”

Ó yà kúrò lórí ìlà, ó lọ jókòó sábẹ́ igi odán. Ẹnikẹ́ni kò bọ́ sí àyè rẹ̀.

Àwọn tó kọ̀ láti fi odò sílẹ̀ ló wọlé, Ọ̀mù sì ń ṣàn dòní. Efúnwùmí kú kí ìbò mìíràn tó dé. Kò dìbò rí láyé rẹ̀. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Títí di òní, bí àwọn obìnrin Ìdóyè bá tò láti dìbò, wọn a máa fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ níwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìbò tó jẹ́ àlejò a máa pariwo pé, “Ẹ sún síwájú, àyè wà níbẹ̀!”

Wọn a dá wọn lóhùn pé, “Èèyàn ló wà níbẹ̀.”