Igbá Omi Ẹnu Ìloro Àwẹ̀ró

Àwẹ̀ró ń bu omi sínú igbá nígbà tí oòrùn dé àtàrí. Ó gbé igbá náà sí ẹnu ìloro, ó fi ọwọ́ gbá erùpẹ̀ iwájú rẹ̀ títí ó fi tẹ́jú, ó sì jókòó. Àwọn ará ilé ti lọ sí oko. Kò sí ewúrẹ́ kan ní àgbàlá. Láìpẹ́, omi inú igbá bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Kò sí ẹni tó ń mu ún.

"Ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù lọ." Gbogbo wa la ń pa òwe yìí. Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹnu tó ti kọ́kọ́ jáde? Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa ní Òkè-Ìsẹ̀ nìyí.

Aláró ni Àwẹ̀ró. Opó ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ajíbóyè. Irùngbọ̀n ọmọ náà kò tíì hù tán nígbà tí wọ́n pè é lọ sí ogun. Méjì méjì ni àwọn ọmọ ogun wa máa ń lọ láyé ìgbà náà. Bí ọ̀kan bá ṣubú, ẹnì kejì rẹ̀ ni yóò gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, yóò fi aṣọ rẹ̀ wé e, yóò sì gbé e wálé kí wọ́n sin ín sí ilé baba rẹ̀. Ìyàndá, ọmọ ilé kejì, ni ẹnì kejì Ajíbóyè.

Nígbà tí ogun tú, Ìyàndá nìkan ló dé. Àwẹ̀ró pàdé rẹ̀ ní ẹnubodè, ó gbé iyán dání, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ nìkan? Níbo lo fi ọ̀lẹ ọmọ mi sí? Láti kékeré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ́."

Ìyàndá wo abọ́ iyán náà. Iyán ẹni méjì ni.

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn, Ìyá."

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò dé. Ajíbóyè kò dé. Bí wọ́n bá bi Ìyàndá, á ní àwọn pínyà nínú igbó ni, bóyá ó ṣìnà.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé ni ipa ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ọ̀sán gangan ni, lórí erùpẹ̀ tí Àwẹ̀ró gbá. Ẹsẹ̀ tútù ni, ó ń bọ̀ láti ojú ọ̀nà, ó sì dúró ní ẹnu ìloro. Kì í wọlé. Kì í padà. Ẹsẹ̀ òsì kò ní ìka tó kéré jù. Ọkọ́ ló gé ìka náà lẹ́sẹ̀ Ajíbóyè lọ́mọdé. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú agbo-ilé.

Inú Àwẹ̀ró dùn. Ó ní ọmọ òun wà láàyè, ojú ló ń tì í. Ojoojúmọ́ ló ń gbé igbá omi dè é ní ẹnu ìloro. Ó pa iṣẹ́ aró tì. Ìkòkò aró gbẹ, ó sán. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀. Ó rù títí eegun èjìká rẹ̀ fi yọ. Gbogbo ilé ti ń wò ó bí ẹni tí kò ní í rí òjò tó ń bọ̀.

Baálé ilé, Bàbá Oyèdòkun, wá bá a jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó rí omi inú igbá tó ń fà. Ó dìde, ó lọ sí ilé Ìyàndá.

"Kí lo gbé pamọ́?"

Ìyàndá gun àjà, ó gbé ìdì aṣọ kan sọ̀ kalẹ̀. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni, ṣùgbọ́n omi ń kán lára rẹ̀. Ó ní kò gbẹ rí láti ọjọ́ tí òun ti gbé e síbẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó ń sùn ní yàrá náà mọ́.

Wọ́n gbé e lọ bá Àwẹ̀ró. Ìyàndá dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Ó ní ìbọn ló ba Ajíbóyè. Ó ní ó tọrọ omi, òun sáré lọ bù ú ní odò, kí òun tó padà ó ti kú. Ó ní iyán ẹnubodè ọjọ́ náà ni kò jẹ́ kí òun lè sọ ọ́.

Àwẹ̀ró tú aṣọ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló pa á láró; ó mọ̀ ọ́n.

"O fẹ́ ṣàánú mi, Ìyàndá, o sì sọ ọmọ mi nù. Ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù lọ. Èyí tó kú, mo mọ ibi tí mo ti máa sunkún rẹ̀."

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹnu ìloro, wọ́n sin ín. Àwẹ̀ró da omi inú igbá sí i lórí. Ilẹ̀ mu ún tán kíákíá. Ó sunkún títí di ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà ó jẹun. Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbé omi síta lọ́sàn-án gangan. Igbá kún bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ó gbé e, ó fi po aró nínú ìkòkò tuntun.

Nígbà tí ẹnìkan bá ń fi ìròyìn burúkú pamọ́ fún ẹni tó ni ín, tàbí tí ọ̀ràn bá so rọ̀ tí kò já, ni àwọn àgbà máa ń pa òwe náà. Ilé Àwẹ̀ró ti wó. Ẹnu ìloro rẹ̀ ṣì wà. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn.